Bí ẹ ṣe lè ná ọkọ̀ hybrid tuntun láì kó sí gbèsè

Ọjà ńlá ni kéèyàn ra Lexus RX 350h tuntun l'Ékòó tàbí l'Ábújá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye tí wọ́n pè láàárọ̀ lè yí padà lálẹ́.

Ẹ béèrè àròpọ̀ owó: ọkọ̀, owó aṣọ́bodè, ìwé ọkọ̀ àti nọ́ńbà. Ẹ gbà á lórí ìwé, ní náírà, pẹ̀lú ọjọ́ tí iye náà máa dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ná an lọ́dọ̀ oníṣòwò méjì mìíràn.

Bí wọn ò bá dín owó, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n máa fi dúró fún bátìrì hybrid náà, torí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹni tí kò lè kúrò nídìí ọjà kò lè ná an.