Ṣílè Bébà Ọdún 1918

Eastbury níbí ni mo wà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ má wo ojú mi.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi: ṣílè kan, bébà, ọdún 1918. Inú Bíbélì màmá àgbà ni mo ti rí i. Bàbá wọn ló fi sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n gógó, owó fàdákà ò sì tó ná mọ́. Ni West African Currency Board, tó ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, bá gbé owó bébà jáde lọ́dún 1916. Ti ṣílè kan yìí dé ní 1918. Àwọn èèyàn wa ò fẹ́ ẹ rárá. Ẹ̀bi wọn kọ́! Fàdákà ṣeé rì mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Bébà ńkọ́? Ikán á jẹ ẹ́, òjò á pa á. Ìyẹn ló jẹ́ kó yà mí lẹ́nu pé bàbá àgbà tọ́jú eléyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á. Ó tún ní kí n fọ̀ ọ́, kí n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kó lè dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀. Iye rẹ̀ á já wálẹ̀ ni.

Àmọ́ tèmi ò sí fún títà. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ká a sí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dá a padà sínú Bíbélì.