Àánú Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ àti Ìkọ́ṣẹ́ Àwọn Tí Ń Tọ́jú Aláìní, Tí A Sọ fún Àwọn Ará Ìjọ ní Kàbà



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè ìjọba àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì. Èyíinì ni bí ó ti yẹ kí a máa kọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ọmọ aláìníbàbá, opó, arúgbó àti ẹni tí ìyà ń jẹ, kí a kọ́ wọn nínú ìwé, kí a sì kọ́ wọn nínú iṣẹ́ gan-an. Ọ́fíìsì irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní Wẹ́fíà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ó kàn mí tó bẹ́ẹ̀ tí èmi kò fi lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan níwájú yín.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ àlùfáà, mo rí ọmọkùnrin kan tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó sùn sí abẹ́ àtẹ nínú ọjà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Mo fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà, mo sì béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìletò tí ó ti wá. Ó dáhùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé ọ̀dọ̀ ìbátan kan ni òun ń gbé. Mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù mi, mo sì dá a padà sí ilé náà kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbàdúrà fún wọn, mo kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kí ó máa gbọ́ràn, mo sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ará ìjọ yìn mí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà tún fi sá lọ, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Lẹ́yìn náà ni aládùúgbò kan wá sọ fún mi pé ara ọmọ náà kún fún àpá pàṣán, àti pé ebi ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà. Àpá wọnnì wà lábẹ́ ẹ̀wù tí ó wọ̀ ní ọjọ́ tí mo gbé e. Èmi kò wò ó. Èmi kò béèrè ìdí tí ó fi sá. Àánú kún ọkàn mi, ṣùgbọ́n èmi kò mọ iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo rò pé mo gba ọmọ kan là, bẹ́ẹ̀ ni èmi gan-an ni mo fà á lé ẹni tí ó ń lù ú lọ́wọ́.

Ọdún púpọ̀ kọjá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì wá sí agbègbè wa láti kọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lè fún un ní ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá fún ìgbà kan. A mú ọmọbìnrin kékeré kan tí ó sá nílé wá bá wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ó fún un ní oúnjẹ, ó jókòó tì í lórí ẹní, ó sì ń bá a bó ẹ̀gúsí. Ní ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sí ilé tí ọmọ ti wá, ó bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, ó sì wá ìyá àgbà kan nínú ẹbí rí, tí ó fẹ́ gba ọmọ náà tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó padà lọ wò ó. Lẹ́yìn oṣù kan, ó tún padà lọ.

Mo béèrè ibi tí ó ti kọ́ irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wí pé ọ̀gá òun dá àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí òun kọ padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé òun kọ ohun tí òun rò bí ẹni pé ohun tí òun rí ni. Ẹ kíyèsí i, ará. Ìwé ni ó kọ́ ọ pé ọmọ tí a ń lù kì í tètè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó dúró tì í ni ó kọ́ ọ bí a ti ń dákẹ́. Kò sí ẹni tí ń di télọ̀ nípa kíka ìwé nìkan. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, a sì máa tú ohun tí ó rán tí kò dára. Bí aṣọ bá yẹ fún irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn kò yẹ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti dé ibi tí wọ́n dé. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ń tọ́jú ará ìlú rẹ̀ láti ìgbà ìbí títí di ọjọ́ ikú. Ní ọdún 1942, William Beveridge kọ ìwé ìmọ̀ràn rẹ̀, ó sì dárúkọ ọ̀tá márùn-ún tí ó yẹ kí ìjọba bá jà: àìní, àìsàn, àìmọ̀kan, ẹ̀gbin ibùgbé àti àìríṣẹ́ṣe. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1948, ètò ìlera wọn bẹ̀rẹ̀, tí aláìsàn lè gba ìtọ́jú láìsan owó lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1895, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta ṣáájú ètò náà, obìnrin kan tí à ń pè ní Mary Stewart ti wọ Ilé Ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù, láti máa wádìí ipò àwọn aláìsàn tí wọ́n jẹ́ òtòṣì. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ni ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1899, a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní Amsterdam. Kí òfin ńlá tó dé, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ dè é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kí a dúró títí Nàìjíríà yóò fi di ọlọ́rọ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa pàápàá, iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì. Ní Èkó láàrin ọdún 1940 sí 1950, Ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner ni ìjọba àmúnisìn yàn láti bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń sùn káàkiri ìgboro, a sì ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé àti èwe ní ọdún 1943. Lẹ́yìn náà, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1976. Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ń kọ́ni. Ní ọdún 2003, ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, Ìpínlẹ̀ Kogi wa sì ti gbà á gẹ́gẹ́ bí òfin tirẹ̀. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala kẹrìnlá, wí pé ààbò àti ìtọ́jú ará ìlú ni olórí ìdí tí ìjọba fi wà. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà, ní abala kẹfà, kò jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí pé kò mú ìlérí náà ṣẹ. Òfin dára; ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lọ sí ìletò, kò sì ní ojú tí yóò fi rí àpá lábẹ́ ẹ̀wù ọmọ. Ènìyàn tí a kọ́ ni ẹsẹ̀ òfin àti ojú òfin.

Ẹlòmíràn lè wí pé, ‘Àlùfáà, àwa ní ẹbí. Àwọn bàbá wa kò mọ Wẹ́fíà, síbẹ̀ wọ́n tọ́jú opó àti ọmọ aláìníbàbá.’ Òtítọ́ ni. Ní ilẹ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà, ọ̀wẹ̀ àti àáró ni a fi ń ro oko aláìlera, èésú ni a sì fi ń gbé ẹni tí ó ṣubú dìde. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí parun. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé wa: àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Àbújá àti ní Lokoja, ìyá arúgbó nìkan ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹbí gan-an ni ó ń fìyà jẹ ọmọ, bí ó ti rí ní ti ọmọ tí mo sọ fún yín. Nígbà náà, ta ni yóò wọ inú ilé náà pẹ̀lú ọgbọ́n?

Ìjọ àkọ́kọ́ mọ èyí. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì, orí kẹfà, a fojú fo àwọn opó kan dá nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Àpọ́stélì kò kàn wàásù nípa ìfẹ́ kí wọ́n sì jókòó. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje, tí wọ́n ní orúkọ rere, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí àti fún ọgbọ́n. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n náà. Ẹ̀mí nìkan ni wọn ìbá béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ọgbọ́n pẹ̀lú, nítorí pé tábìlì àwọn opó kò lè dúró láìsí i.

Kí ni kí a ṣe? Mo fi ohun mẹ́ta síwájú yín. Èkíní, bí ọmọ yín bá wí pé iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀ pé kì í ṣe ìmọ̀ dókítà tàbí ti agbẹjọ́rò. Èkejì, ẹ gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán wá kọ́ṣẹ́ sínú ilé yín. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ìletò, ọjọ́ mìíràn a sì máa fi ẹsẹ̀ rìn. Yàrá kan, oúnjẹ alẹ́ àti owó ọkọ̀ kò ju agbára ìjọ lọ. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀wé sí Ìjọba Ìbílẹ̀ àti sí Lokoja, kí wọ́n fi àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí sí ipò, kí wọ́n má ṣe fi ipò náà san gbèsè òṣèlú, kí wọ́n sì fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi rìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè: ìjọba kò lè dá a ṣe, ìjọ náà kò sì lè dá a ṣe.

Títí di ìgbà tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi wà nítòsí wa, mo bẹ yín ní ohun kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ó sùn sí ọjà, ẹ má ṣe kánjú dá a padà. Ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ pa á mọ́ sí ibi tí kò léwu, kí ẹ sì jẹ́ kí Wẹ́fíà gbọ́. Mo ti kánjú rí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá nínú ọjà náà ní òwúrọ̀, mo ṣì ń wo abẹ́ àwọn àtẹ.

Kí Ọlọ́run tí í ṣe Bàbá àwọn aláìníbàbá fún wa ní àánú, kí ó sì fi ọgbọ́n kún un fún wa, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.