Ọmọ Wa àti Gìtá Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé àwọn ìdílé)

 

Ní ìpàdé tó kọjá, bàbá kan láàárín wa gbé ẹjọ́ kan wá. Ọmọ rẹ̀ tó ń múra láti wọ yunifásítì ti ra gìtá. Kì í ṣe jùjú ló ń ta, kì í sì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń ta ń hó bí òjò, ọmọ náà á sì máa kọrin sí i bí ẹni tí kò tíì jí lójú oorun. Bàbá ní orin òyìnbó ni, kò kan ọmọ Yorùbá. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ẹ rán wa pé kí a lọ wádìí irú orin bẹ́ẹ̀. A ti wádìí rẹ̀, àbọ̀ wa nìyí.

"Dream pop" ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni orin tó dà bí àlá. Gìtá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ẹ̀rọ mú kí ohùn gìtá náà máa padà bọ̀ léraléra bíi gbohùngbohùn inú àpáta. Akọrin kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ á rì sínú gìtá, bí ẹni tó ń ti yàrá kejì sọ̀rọ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyí: ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ fún orin náà ní orúkọ yìí. Alex Ayuli ni orúkọ rẹ̀, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Òun àti Rudy Tambala, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Màláwì, ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ olórin A.R. Kane sílẹ̀. A ni Alex, R ni Rudy. Bí a bá sì pè é pọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń dún bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun awo.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n rí ẹgbẹ́ Cocteau Twins ti Scotland lórí tẹlifísàn, tí wọ́n ń ṣeré láìní onílù. Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù fún wọn. Wọ́n ní àwọn náà lè ṣe é. Níbi àríyá kan, Ayuli sọ pé àwọn ní ẹgbẹ́ olórin, nígbà tí kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tó ń ṣe àwo, ó sì di dandan kí wọ́n ṣiṣẹ́. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1986. A kò kọ́ ọmọ wa ní irọ́ o! Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ayuli kì í ṣe ọ̀lẹ: iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ń ṣe, òun ni í kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń polówó.

Ní 1987, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Colourbox lábẹ́ orúkọ M/A/R/R/S. Orin ijó wọn, "Pump Up the Volume", gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ì bá ti máa tẹ̀ lé owó lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ní 1988, wọ́n gbé àwo tiwọn jáde lọ́dọ̀ Rough Trade, wọ́n pè é ní "69". Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ dub àwọn ará Jàmáíkà níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ jáàsì, ẹ ó sì gbọ́ gìtá tó ń ké bí ìjì. Àkọlé ọ̀kan túmọ̀ sí pé oòrùn já sínú òkun; bí a ṣe gbọ́ ọ, ó dà bíi pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

Kò rọrùn fún wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn ń pè wọ́n ní ẹ̀dà dúdú ti ẹgbẹ́ òyìnbó kan, bí ẹni pé adúláwọ̀ kò lè dá irú orin bẹ́ẹ̀ rò fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí òyìnbó sọ sí wọn níta ni bàbá tún sọ sí ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Ibẹ̀ ló dùn wá jù.

Ṣé gìtá tilẹ̀ jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wa? Ní 1982, King Sunny Adé gbé "Jùjú Music" jáde lọ́dọ̀ Island Records. A gbọ́ àwo méjèèjì tẹ̀ léra. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ wa mi orí, ó ní, "Gìtá Sunny náà kúkú ń fò lójú òfurufú."

Ní 2023, wọ́n tún àwọn àwo A.R. Kane àtijọ́ tẹ̀ jáde lápapọ̀. Lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, àwọn èèyàn ṣì ń wá a.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ọmọ, má fi ìwé rẹ sílẹ̀, má sì yan bàbá rẹ lódì. Bàbá, a kò ní dárúkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ jókòó síbí. Ẹ kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ ní kó ta ẹyọ orin kan fún yín, kí ẹ sì jókòó títí yóò fi parí. Bí kò bá dùn létí yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣáà sọ pé kì í ṣe tiwa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àjò ya àwa àti ọmọ wa nípá.