Ẹ Jẹ́ Kí A Pe Ayàwòrán Wá Síbi Ìwádìí

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ àti Ìlera bá ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ

A kí ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ́ síbí láì tíì fojú kan oorun. A sì kí ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ tí ẹ fi èrò sílẹ̀ ní gáréèjì nítorí ìpàdé yìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí a ń ṣe jẹun pa wá.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ ya àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìyẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù ṣì wà nílẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ìwádìí lórí ariwo ẹ̀rọ, lórí eruku òwú, lórí èéfín mọ́tò àti lórí àìsàn tó ń jà ládùúgbò, ara tiwa ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Owó orí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń san káàkiri ayé sì wà nínú owó tí àwọn ìjọba fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àbájáde ìwádìí bá wá délẹ̀ tí a kò sì lè kà á kó yé wa, a jẹ́ pé ẹni tó ni ara kò mọ ohun tó ń ṣe ara.

ÌWÁDÌÍ TÍ ILẸ̀KÙN RẸ̀ ṢÍ SÍLẸ̀

Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá títì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á gba àṣẹ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á sì dá iye tó wù ú lé e. Ṣùgbọ́n irú ìwádìí mìíràn wà, tí àwọn tó ń ṣe é ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sí gbangba, àti èyí tó yọrí sí rere àti èyí tó forí ṣánpọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọgbọ́n kan lè mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Gbogbo wa la mọ àtọ̀sí ajá, àìsàn tí àwọn ọmọ ń kó nínú odò tí wọ́n fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel. Oògùn náà dára, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó sì korò lẹ́nu ọmọdé. Ìdí rẹ̀ ni pé oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀ lọ́gbọọgba, tí wọ́n jọ ara wọn bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jọ ọwọ́ òsì. Ọ̀kan ló ń pa kòkòrò. Ìkejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan ju pé ó ń mú oògùn tóbi, ó sì ń mú un korò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ìbọ̀wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì kì í bá ọwọ́ ọ̀tún mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oògùn yìí ṣe rí nínú ara kòkòrò.

Lọ́dún 2010, Matthew Todd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe rí oríṣi tó ń ṣiṣẹ́ náà nìkan láìná owó púpọ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà láti ilé-iṣẹ́ oníṣòwò, tí iṣẹ́ náà kì í ṣe tiwọn, wo ohun tí wọ́n kọ, wọ́n sì tọ́ka ọ̀nà tó sàn ju èyí tí wọ́n ń tọ̀ lọ. Nígbà tó fi di ọdún 2011, ọ̀nà náà ti là, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó tètè mọ ìyẹn, àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àmì kẹ́míkà ló kún inú ilé. Ẹni tí kò kọ́ èdè yẹn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Bí ayàwòrán bá ya ọwọ́ méjì àti ìbọ̀wọ́ kan, ìyá ọlọ́mọ tó wà nínú ọjà yóò mọ ohun tí wọ́n ń wá, yóò sì lè béèrè pé ìgbà wo ni oògùn tí kò korò yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

ÀWÒRÁN KAN TÍ GBOGBO AYÉ MỌ̀

Lóṣù kìíní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà gbé àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò kòrónà sí gbangba kí gbogbo ayé lè rí i lò. Lóṣù kẹta ọdún yẹn, ní Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ka àbùdá kòkòrò tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ tó gbé àìsàn náà wọ Nàìjíríà. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, wọn kò sì fi í pamọ́.

Lóṣù kìíní ọdún náà, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà pe méjì nínú àwọn ayàwòrán rẹ̀, Alissa Eckert àti Dan Higgins, pé kí wọ́n fi kòkòrò náà han aráyé. Wọ́n lọ mú ohun tí wọ́n nílò nínú Protein Data Bank, àkójọ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971 tí gbogbo ènìyàn lè wò. Wọ́n ya bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú tó ní ìwo pupa lára. Ẹnikẹ́ni ló lè lo àwòrán náà láìsan kọ́bọ̀. Kò pẹ́ tó fi tàn ká gbogbo ayé.

Ẹ̀yin awakọ̀ kò lè gbàgbé àkókò yẹn. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 tí ìjọba àpapọ̀ sé Èkó àti Ògùn mọ́, ọ̀pọ̀ ló jókòó sílé láìrí owó oúnjẹ. Àwọn kan ń sọ pé irọ́ ni àìsàn náà nítorí pé ojú wọn kò tó o. Àwòrán bọ́ọ̀lù oníwo yẹn mú kí àwọn mìíràn gbà pé nǹkan kan wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Àwòrán náà sọ bí kòkòrò ṣe rí, kò sọ bí ó ṣe ń rìn. Àwòrán inú danfo ni awakọ̀ danfo nílò: èrò tó fún mọ́ra lórí ìjókòó, fèrèsé tí a tì nítorí òjò, èémí ẹni tó wà lẹ́yìn tó ń rìn bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Kí wọ́n sì ya danfo kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, kí a lè fi ojú ara wa rí ìyàtọ̀. Omi àti ọṣẹ la rí jù lára ògiri nígbà náà, ọ̀rọ̀ fèrèsé kò tó nǹkan. Bí awakọ̀ kan bá wà níjokòó níbi tí wọ́n ti ń yàwòrán, òun ni ì bá kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ fèrèsé.

IṢẸ́ YÌÍ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Lọ́dún 1925, ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Otto Neurath dá ilé ìfihàn kan sílẹ̀ níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè mọ bí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ìlera àti iṣẹ́ ṣe rí nílùú. Àwòrán ló fi ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ìjọba ìlú náà àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé bí nǹkan bá pọ̀, kí a má ṣe ya àmì kan gbẹ̀ǹgbẹ̀, àmì kékeré púpọ̀ ni kí a yà, kí ojú lè kà á. Onímọ̀ ló ń mú iye wá, ayàwòrán bíi Gerd Arntz ló ń yà á, ẹnìkan sì wà láàárín wọn tó ń ro bí a óò ṣe sọ iye di àwòrán. Marie Reidemeister, tó padà di ìyàwó Neurath, wà lára àwọn tó di ipò àárín yẹn mú. Lọ́dún 1934, nígbà tí àwọn ọ̀tá òṣìṣẹ́ gba ìjọba Vienna, wọ́n sá lọ sí Holland, láti ibẹ̀ wọ́n sá dé Ìlú Ọba.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Otto Neurath kú lọ́dún 1945, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó gbé iṣẹ́ fún un, kí ó ṣe ìwé aláwòrán tí yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Marie Neurath wá síhìn-ín fúnra rẹ̀, nítorí pé àwòrán tó bá Vienna mu lè má bá Ìbàdàn mu.

KÍ LÓ YẸ KÍ Ẹ̀KA TIWA ṢE?

Ẹ wo ariwo ẹ̀rọ. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí gbangba, sọ pé bí ariwo bá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, kí òṣìṣẹ́ má wà nínú rẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá di 88, kí ó má ju wákàtí 4. Bí ó bá di 91, wákàtí 2. Bí ó bá di 94, wákàtí 1 péré. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ yóò gbàgbé gbogbo iye yìí kó tó délé. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹ̀rọ mẹ́rin, tí a ya aago 8 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, aago 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, aago 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹta, aago 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹrin, ẹni tí kò kàwé rárá yóò bi fọ́máànù léèrè pé, “Èwo ni ẹ̀rọ tiwa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?” Ìbéèrè yẹn ni a ń wá.

Ayàwòrán kò wọ́n wa. Àwọn tó ń ya kìnnìún àti idì sára mọ́tò ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì wa. Ohun tí a ń dá lábàá nìyí.

Èkíní, kí onímọ̀, òṣìṣẹ́ àti ayàwòrán jọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí a má pe ayàwòrán lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, bí ẹni pe akunlé sí ilé tí wọ́n ti kọ́ tán.

Èkejì, kí a san owó fún un. Ìwádìí jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń kà á, kì í ṣe pé kí ayàwòrán ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún owó ọ̀yà kò gbọdọ̀ rẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ. Kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán, kí òun náà sì gbà pé ẹ̀ka mìíràn lè tún un tẹ̀ láìsan nǹkan.

Ẹ̀kẹta, kí àwòrán sọ òótọ́. Kòkòrò kòrónà kéré débi pé kò ní àwọ̀ kankan tí ojú lè rí; ayàwòrán ló yan eérú àti pupa. Kò burú, ṣùgbọ́n kí a máa kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán: èyí ni onímọ̀ wọ̀n, èyí ni ayàwòrán yàn.

Ẹ̀kẹrin, kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a fi han àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sí nípàdé. Bí wọ́n bá kà á sódì, kí a tún un yà. Kí a má sọ pé wọn kò gbọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, owó ni ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè, nínú owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa. A ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí owó iṣẹ́ ayàwòrán kan àti owó ìtẹ̀wé àwòrán kan ṣoṣo, ti ariwo ẹ̀rọ. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, kí a sì rí ohun tí àwọn ènìyàn wa yóò máa béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Etí tó bá ti di, kò sí owó oṣù tó lè là á. Ẹ nawọ́ sókè bí ẹ bá fara mọ́ ọn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.