Ẹ̀kọ́ Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Ìpàdé Lórí Ilẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ti Ẹgbẹ́)



Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tí ó kan olúkúlùkù wa, ìbáà ṣe ẹni tí ó ní oko ńlá, ìbáà ṣe ẹni tí kò ní ju yàrá kan lọ ní ìgboro. Ọ̀ràn náà ni bí a ti ń fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìlò ilẹ̀, igbó àti omi. Kì í ṣe ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìyẹn ti gba ọ̀pọ̀ ìpàdé wa, ó sì ti sọ àwọn lọ́yà kan di olówó. Ohun tí mo fẹ́ wí ni pé, nígbà tí ìjọba bá pe aráàlú láti wá bá wọn pinnu ibi tí a óò máa dáko, ibi tí a óò ti máa gé gẹdú, àti ibi tí a óò fi sílẹ̀ fún igbó, àwọn tí a óò rán lọ ní láti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá gbà á, wọn yóò jókòó, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò tẹ̀ka sí ìwé, àwọn akọ̀wé ni yóò sì ti pinnu ohun gbogbo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń fojú di àwọn bàbá wa. Àwọn bàbá wa mọ ètò ilẹ̀ dáadáa. Oko etílé wà fún arúgbó àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Oko egàn wà fún géńdé tí ó lè sùn lóko fún ọjọ́ púpọ̀. Àkùrọ̀ wà fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó orò sì wà, tí ẹnikẹ́ni kì í dáko níbẹ̀. Pèrègún ni a fi ń pààlà. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ètò ni, gbogbo ìlú ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó yí padà ni pé ètò ti òde òní wà lórí ìwé, ẹni tí kò bá sì lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ bí a bá fa ìlà la àárín oko rẹ̀ kọjá.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1899 ni àwọn òyìnbó ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀, láàrín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tíjánì, Olúwa ti Èkó, kọ̀ láti dákẹ́. Ó gbé ọ̀ràn náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921 àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ Ọba dá a láre, wọ́n sì gbà pé ilẹ̀ wa jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni ó ti ṣẹ́gun, lẹ́yìn tí a ti gba ilẹ̀ tán. Ìpàdé ètò ni a máa ń ṣe kí a tó gbà á, ìmọ̀ tí a sì nílò níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹjọ́.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 mú kí ọ̀ràn yìí túbọ̀ le. Gómìnà ni òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí lọ́wọ́, kí ó máa dì í mú nítorí aráàlú. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ẹnìkan ní ilẹ̀ oko tí ó tó 500 hẹ́kítà, tàbí ilẹ̀ ìjẹko ẹran tí ó tó 5,000 hẹ́kítà, láì jẹ́ pé ó béèrè lọ́wọ́ Gómìnà. Bí a bá sì gba ilẹ̀ nítorí àǹfààní gbogbogbòò, ohun tí a kọ́ tàbí tí a gbìn sórí rẹ̀ ni a ń san owó lé lórí. Igbó tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ láì gbin nǹkan sí, díẹ̀ ni ó tò sí nínú ìṣirò náà. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá dúró títí di ọjọ́ tí a óò gba ilẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ìhà ìlà-oòrùn. Ní ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́bàá ọgbà igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, ìletò méjì wà tí a ń pè ní Ekuri, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Igbó tí àwọn méjèèjì jọ ní tó 33,600 hẹ́kítà. Wọn kò ní ọ̀nà ọkọ̀ nígbà náà. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù la igbó kọjá. Àwọn agégẹdú tọ̀ wọ́n wá, wọ́n ní àwọn yóò la ọ̀nà fún wọn bí wọ́n bá lè jẹ́ kí àwọn gé igi wọn. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dùn tó létí ìlú tí kò ní ọ̀nà! Ekuri kọ̀.

Ṣùgbọ́n kíkọ̀ nìkan kọ́ ni mo yìn wọ́n fún. Ẹni tí ó bá kọ̀ láì ní ètò tirẹ̀, àìní ni yóò mú un gbà lọ́dún kejì. Láàrín ọdún 1990 sí 2000 a kọ́ àwọn ọmọ ìletò náà bí a ti ń wọn ààlà igbó yíká, bí a ti ń la ojú ọ̀nà tóóró sínú igbó kí a sì ka igi tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì, kí a kọ irú igi náà àti bí ìdí rẹ̀ ti tóbi tó, kí wọ́n lè mọ iye tí a lè gé láì jẹ́ kí igbó run. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó pín ilẹ̀ wọn: apá kan fún oko, apá kan tí a lè máa gé igi níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, apá kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àti etí odò. Wọ́n gbé owó lé ewé afang, èso òro àti àwọn nǹkan mìíràn tí àwọn oníṣòwò ń kó nínú igbó, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi la ọ̀nà wọn fúnra wọn. Ní 2004 wọ́n gba ẹ̀bùn Equator lọ́wọ́ àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé.

Ìdánwò wọn dé ní oṣù kìíní 2016. Ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ la ọ̀nà ńlá kan, ó sì kéde pé òun gba ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ọ̀nà náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, Ekuri kò ní ní igbó mọ́, àti bóyá ilé pàápàá. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n rìn, wọ́n wá ọ̀rẹ́ nílé àti lókè òkun. Àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lé ní 250,000. Ní 2017 ìjọba fà sẹ́yìn kúrò lórí ilẹ̀ tí ó fẹ́ gbà náà. Èmi kò wí pé ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan ni ó gbà wọ́n là, ariwo ọ̀rẹ́ ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sunkún lásán pé “wọ́n ń gba igbó wa.” Wọ́n lè sọ ibi tí igbó náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí sí, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ètò tí àwọn fúnra wọn ti ṣe fún un. Wàhálà kò tán fún wọn, nítorí àwọn agégẹdú aláìgbàṣẹ ṣì ń wọ igbó náà lẹ́yìn èyí. Síbẹ̀ igbó wà tí a lè jà fún.

Ẹnìkan yóò wí pé àwọn àgbà wa kò kàwé, báwo ni wọn yóò ṣe ka máàpù? Ìdáhùn wà ní Kẹ́ńyà. Àwọn Ogiek, tí wọ́n ń gbé inú igbó Mau, péjọ sí Nessuit ní 2006. Wọ́n gé páálí ní ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí gíga ilẹ̀ ti rí, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n lé ara wọn títí òkè àti àfonífojì fi yọ jáde lórí tábìlì. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 100 mítà ilẹ̀. Iṣẹ́ gígé páálí jẹ́ ti ọ̀dọ́, ìmọ̀ tí a fi sórí rẹ̀ jẹ́ ti àgbà: abẹ́rẹ́ fún ibi kan pàtó, òwú fún odò àti ọ̀nà, ọ̀dà fún igbó àti pápá. Arúgbó tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè nawọ́ sí ibi tí a ń gbé ilé oyin kọ́ ní ìgbà baba rẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó wú mi lórí tó èyí, nítorí kò sọ àgbà di ọmọdé níwájú ẹni tí ó kàwé.

Apá kejì ẹ̀kọ́ náà le ju máàpù lọ: kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ láàrín ohun tí ó ń béèrè àti ìdí tí ó fi ń béèrè rẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ wí pé màlúù kankan kò gbọdọ̀ kọjá. Bòròró wí pé dandan ni kí òun kọjá. Bí a bá dúró síbẹ̀, ìjà ni. Bí ẹni tí ó ń darí ìpàdé bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò béèrè ìdí. Yóò rí i pé omi ni Bòròró ń wá ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀pọ̀ odò ti gbẹ, àti pé ẹ̀gẹ́ àti èbù iṣu ni àgbẹ̀ ń bẹ̀rù fún. Níbẹ̀ ni a tó lè sọ̀rọ̀ ojú omi kan, ọ̀nà kan, oṣù kan, àti ẹni tí yóò san owó ohun tí ó bá bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìjà ni ó ń parí báyìí. Ẹni tí ó gbé ìbọn wá kò wá ṣe ìpàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó lè parí.

Ohun tí ó kù kò ní dùn mọ́ gbogbo ìjòyè tí ó wà níhìn-ín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ta ni a ń rán lọ? Baálé ni, àwọn olórí ẹbí, àti akọ̀wé kan. Obìnrin tí ó ń já ewé tí ó sì ń pọn omi mọ odò ju baálé lọ, a kì í pè é. Àjòjì tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti ro ilẹ̀ náà fún ogójì ọdún, a kì í pè é. Ẹ rántí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìjà tí ó gba ẹ̀mí láti 1997 títí di 2000. Ọ̀ràn ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú gbòǹgbò rẹ̀. Pípe àjòjì sí ìpàdé ètò kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Bí a kò bá sì pè é, ètò tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dúró, nítorí òun ni ó wà lórí ilẹ̀ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí a bá sì rán, kí ó kọ́ láti wí pé, “Ẹ jẹ́ kí n padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó rán mi,” kí ojú má sì tì í. Aṣojú tí ó gba ohun gbogbo níbi ìpàdé tí kò sì délé sọ ọ́ ti dá ìjà sílẹ̀ fún àwọn tí ó rán an.

Nítorí náà, Alága wa, mo dábàá pé kí Ẹgbẹ́ yan ìlú kan tí ó ní igbó àti odò, kí ìlú náà fúnra rẹ̀ yan ogún ènìyàn, kí àgbẹ̀, ọdẹ, obìnrin, àjòjì àti ọ̀dọ́ tí ó kàwé wà nínú wọn, kí a sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, nígbà tí iṣẹ́ oko bá fúyẹ́ tí ojú sì ń ríran jìnnà nínú igbó. Páálí, òwú àti ọ̀dà kò wọ́n. Máàpù ìjọba tí a óò fi gé páálí náà ni ó lè pẹ́ kí a tó rí gbà. Kí akọ̀wé wa kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sì ka èsì rẹ̀ fún wa ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.