Spero: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Látìn Kan àti Ohun tí Yorùbá Fi Ń Dá A Lóhùn
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Apakun, Òṣòdì, Èkó



Ẹlòmíràn nínú yín lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan Apakun kan èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, kì í ṣe ọ̀nà Róòmù. Ṣùgbọ́n Látìn ti pẹ́ ní Èkó. CMS Grammar School, tí Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, dá sílẹ̀ ní 1859, fi Látìn ṣe àkọmọ̀nà rẹ̀: Nisi Dominus Frustra. Àwọn ìjọ Àgùdà fi Látìn ṣe Máàsì títí Ìgbìmọ̀ Fátíkàn Kejì, tó jókòó láti 1962 sí 1965, fi ṣílẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀. King's College, tó ṣílẹ̀kùn ní Oṣù Kẹsàn-án 1909, mú ọ̀rọ̀ méjì péré: Spero Lucem. Mo ń retí ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ yẹn, spero, ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín lónìí.

Látìn kì í sábà fi arọ́pò-orúkọ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ń ṣe é. Spero, mo ń retí. Speras, o ń retí. Sperat, ó ń retí. Speramus, a ń retí. Speratis, ẹ ń retí. Sperant, wọ́n ń retí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọjọ́ iwájú, wọn á ki nǹkan bọ àárín ọ̀rọ̀ náà: sperabo, màá retí, sperabit, yóò retí, sperabunt, wọn yóò retí. Bó bá jẹ́ pé mo ń retí nígbà kan rí, sperabam ni. Bí ìrètí náà bá ti parí, speravi. Bó bá ti parí kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀, speraveram. Ẹ wò ó bí Látìn ṣe di gbogbo ẹrù náà ru orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí Yorùbá pín in fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣáájú: mo, ń, ti, yóò.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá pé gírámà Yorùbá kò tó nǹkan, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká dán an wò pẹ̀lú speravi. Ará Róòmù tó bá sọ pé speravi lè ní 'mo retí' lọ́kàn, ó sì lè ní 'mo ti retí' lọ́kàn. Ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yorùbá kò jẹ́ da méjèèjì pọ̀. 'Mo jẹun' kì í ṣe 'mo ti jẹun', ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í pé ṣé kí òun bu oúnjẹ fún un, èyí tí yóò fi dáhùn kò ní ṣì í lẹ́nu. Níbi tí Látìn ti ní ẹyọ kan, méjì ni tiwa. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: 'ń' wa lè jẹ́ ti ìsinsìnyí, ó lè jẹ́ ti àná, nígbà tí Látìn ya spero sọ́tọ̀ kúrò lára sperabam. Èdè kọ̀ọ̀kan ló yan ibi tó ti fẹ́ ṣọ́ra.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ gírámà wa sílẹ̀, bíi T. J. Bowen tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1858, inú ìlànà àwọn èdè Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Ó di 1966 kí Ayọ̀ Bámgbóṣé tó gbé ìwé gírámà kan jáde tó wo Yorùbá bí Yorùbá ṣe rí, Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀ lé e ní 1978. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn onímọ̀ wa ti jiyàn lé lórí gan-an ni ohùn òkè tó ń gun ìparí olùwà. A máa ń kọ 'Ọmọ lọ', ṣùgbọ́n 'Ọmọ́ lọ' ni ẹnu wa ń pè. Ẹ wá sọ pé 'Ọmọ yóò lọ': ohùn òkè yẹn ti sá lọ. Bí ìgbà ṣe ń fara hàn nínú ohùn nìyẹn, kì í ṣe nínú lẹ́tà. Látìn náà ní irú rẹ̀, torí pé venit tí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrú ni 'ó ń bọ̀', èyí tí a fà gùn ni 'ó wá'. Ẹni tí kò bá tẹ́tí kò ní mọ̀.

Ní ti ìlò, spero kì í ṣe ti ẹni tó dúró ní Apakun tó ń wo ọ̀nà fún ọkọ̀ Òṣòdì. Exspecto ni ìyẹn yóò sọ. 'Retí' tiwa gba méjèèjì. Lux ni ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di àbọ̀ spero, ó di lucem. Nítorí ìyípadà yìí, a lè sọ ọ́ pé lucem spero kí ìtumọ̀ má sì dàrú. Bí àwa bá fẹ́ gbé ìmọ́lẹ̀ síwájú, àfi ká pe 'ni' sí i: ìmọ́lẹ̀ ni mo ń retí.

Ibi tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù ni 'mo ń retí pé yóò wá'. Látìn àtijọ́ kò lo 'pé' níbẹ̀. Spero eum venturum esse ni wọn á sọ: olùwà gbólóhùn kejì ti di àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò sì ní ẹni mọ́. Bó bá jẹ́ obìnrin là ń retí, eam venturam ni, nígbà tí 'ó' wa kò bèèrè akọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n ohun tí Yorùbá ń bèèrè, Látìn àtijọ́ kò bèèrè rẹ̀. Ọmọ Róòmù á wo ojú bàbá rẹ̀, á sì sọ pé speras, 'o ń retí'. Nílé wa, 'ẹ ń retí' ni, bí bàbá náà tilẹ̀ dá jókòó.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ Àgùdà yóò rántí oremus. Oramus ni 'à ń gbàdúrà'. Ẹ yí a padà sí e, ó di 'ẹ jẹ́ ká gbàdúrà'. Ìdílé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni oramus àti spero, nítorí náà speramus á di speremus, ẹ jẹ́ ká máa retí.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Classics wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà Àgùdà náà ṣì ń kọ́ Látìn. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n máa kọ 'mo retí' àti 'mo ti retí' sẹ́gbẹ̀ẹ́ speravi lórí pátákó, kí ọmọ Yorùbá má baà gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó dé Látìn.