Rédíò Tí Ń Gba Èsì: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ọ̀dọ́ Wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀



Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ wa, àwọn àgbà sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀: ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Àwọn tí ń lò ó kì í fi ṣòwò. Fún ìgbafẹ́ àti ẹ̀kọ́ ni. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba tí à ń pè ní NCC ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, 5N sì ni orúkọ ìpè wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, Nigeria Amateur Radio Society.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí irú wọn ń ṣe káàkiri ayé ni títọpa bàlúùnù. Kì í ṣe bàálù tí ń kó èrò ni mo wí. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí fèrè tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Wọn a fi hílíọ̀mù tàbí háídírójìn, tí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, kún inú rẹ̀, wọn a sì so rédíò kékeré tí ń lo agbára oòrùn mọ́ ọn. Yóò gòkè tó nǹkan bí kìlómítà 12, afẹ́fẹ́ òkè a sì máa gbé e lọ. Rédíò náà a máa kéde orúkọ ìpè rẹ̀, ibi tí ó wà, àti bí ó ti ga tó. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ni yóò ròyìn fún àwọn yòókù.

Ní 10 Oṣù Ọ̀wàrà, 2022, ẹgbẹ́ kan ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Northern Illinois Bottlecap Balloon Brigade, tú ọ̀kan sílẹ̀. Ó yí ayé po nígbà mẹ́fà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìkeje kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́bàá Alaska ní Oṣù Èrèlé, 2023. Àwọn olùgbọ́ lásán, ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin, ni wọ́n tọpa rẹ̀ yí ayé ká.

Ohùn rédíò àwọn bàlúùnù mìíràn kì í rìn ju nǹkan bí kìlómítà 450 lọ. Bí kò bá sí olùgbọ́ láàárín ibẹ̀, a ó rò pé ó dákẹ́. Kò dákẹ́, a kò gbọ́ ọ ni. Ní apá tiwa ní Áfíríkà, irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Tíṣà, kí ni bàlúùnù òyìnbó kàn wá ní Ajégúnlẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí á rántí 14 Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní agbègbè Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ ní ibi púpọ̀, iṣẹ́ báńkì sì dojú rú. Rédíò tí mo ń wí kò nílò wáyà abẹ́ òkun. Bátìrì àti wáyà tí a ta sókè tó o. Ṣùgbọ́n a kì í dúró de ọjọ́ ogun kí á tó kọ́ ọfà títa. Ẹni tí yóò gbọ́ igbe pàjáwìrì láàárín ariwo gbọ́dọ̀ ti fi ohùn tí kò rinlẹ̀ kọ́ etí rẹ̀. Ohùn bàlúùnù ni ẹ̀kọ́ náà.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Èkó. Ní 23 Oṣù Ògún, 1963, Olórí Ìjọba, Sir Abubakar Tafawa Balewa, bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Ọkọ̀ ojú omi Kingsport, tí ó gúnlẹ̀ ní èbúté Èkó, ni ó gbé ohùn náà sókè. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n lò nígbà náà. Lónìí, ọmọ Boundary lè tẹ́tí sí òfuurufú láti orí òrùlé.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa kí ó ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan sí iyàrá ìpàdé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún fóònù àti rédíò ṣe, ẹ kọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ti ẹ̀yìn odi, ẹ fi ìwé àti irinṣẹ́ ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú bàlúùnù sílẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ń kọjá lórí wa, háídírójìn sì ń gbiná.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó wà lọ́wọ́ àgbà, ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kí á pa méjèèjì pọ̀. Ìlú wa yóò máa gòkè.